Ọ̀gá Ti Gbà Á

Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ àti títan jẹnẹrétọ̀ ni Adélàjà gbà ní ọ́fíìsì àwọn oníkọ̀ǹpútà tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Itamaga. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn pé òun ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Màdáàmù Fìyìnfólúwa, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ni ibẹ̀, ní kó gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀, kó wá jókòó.

Ó rọra ṣàlàyé fún un. Wọ́n ní irinṣẹ́ kan tó ń yẹ kóòdù wò. Kóòdù yìí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kóòdù ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èèyàn ló ń lo irinṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, AI, ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ni yóò máa lò ó, wọ́n sì ti kọ ìwé ìlànà olójú-ewé mẹ́rin fún un. Màdáàmù fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé náà pé.

Adélàjà ní ìwé mẹ́fà péré lòun kà.

"Ohun tí mo ṣe pè yín nìyẹn, Bàbá Ṣẹ̀rífátù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí, ibi tí ìwé bá ti kù díẹ̀ káàtó, á fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dí i. Ẹ̀yin, ohun tí ìwé bá wí nìkan lẹ ó ṣe. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ò rẹ́ni bi."

Ló bá jókòó. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà kò le, gbólóhùn kúkúrú kúkúrú bíi ti ọmọ iléèwé. Tẹ bọ́tìnnì, kí o wo àwọ̀. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, jẹ́ kí iṣẹ́ kọjá. Tó bá jẹ́ pupa, dá a padà, àyàfi bí ọ̀gá bá ti gbà á. Ó yẹ mẹ́fà wò, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Ìkeje yọ pupa níbi mẹ́ta. Láàárín àwọn àmì tí kò yé e, ẹnì kan kọ ọ́ gbangba síbẹ̀ pé ọ̀gá ti gbà á, kó kọjá.

Ogún ọdún ni Adélàjà fi ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ kan ní Industrial Estate, kí wọ́n tó tì í pa. Níbẹ̀, bí wọ́n bá ti ní ọ̀gá mọ̀ sí i, ta ló máa béèrè pé ọ̀gá wo? Ó jẹ́ kó kọjá. Ìgbà yẹn ló tó rí orúkọ tó wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ náà. Israel ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù níbẹ̀.

Ọmọ onílé Adélàjà ni Israel, nílé wọn lẹ́yìn ibùdókọ̀ Benson. Òun ló tún bá a wá iṣẹ́ yìí.

Lọ́sàn-án, Israel ń yọ̀. Ó ní iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti dá padà lẹ́ẹ̀mejì ti kọjá, ọ̀la ló ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Adélàjà ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó bi í, bí ẹni ń ṣàwàdà, pé kí niṣẹ́ ọ̀hún ń ṣe. Israel ní ilé òtútù táwọn ẹlẹ́ja ń lò ni. Bí òtútù bá ń lọ, kóòdù náà ni yóò pe fóònù wọn. Ẹja ni ìyá Adélàjà yan ní Ẹ̀pẹ́ títí tó fi kú. Ó mọ bí ojú obìnrin ṣe ń rí tí ẹja bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó ní ṣé Màdáàmù ti rí i.

"Màdáàmù kẹ̀? Ta ló ráyè ìyẹn? Ẹ̀rọ ló ń yọ mí lẹ́nu, mo kàn fi gbólóhùn kan tàn án ni." Israel wo àga tó wà níwájú kọ̀ǹpútà, ó wo Adélàjà. "Àbí ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀ lónìí?"

Adélàjà tẹjú mọ́ tábìlì tó ń nù.

"Kò burú. Ilé kan náà la sáà jọ ń gbé, ẹ mọ̀."

Nígbà tó di aago mẹ́rin, Màdáàmù gbé ìwé wá kí Adélàjà fọwọ́ sí i pé ìlànà náà pé, kò kù síbì kan. Ó mú bírò. Ó rí i pé Israel ti dáwọ́ títẹ kọ̀ǹpútà dúró, kò sì wẹ̀yìn.

"Ó pé, Màdáàmù. Ó pé... ó kù díẹ̀."

Màdáàmù bi í pé kí ló kù.

"Wọ́n ní àfi bí ọ̀gá bá gbà á. Wọn ò sọ ẹnu ẹni tá a ti máa gbọ́ ọ. Inú iṣẹ́ gan-an ni mo ti kà á, mo sì gbà. Iṣẹ́ ló jẹ́rìí ara rẹ̀."

"Iṣẹ́ wo?"

Ibi tó ń sá fún nìyẹn. Ó fẹ́ sọ pé òun ti gbàgbé. Ìka rẹ̀ lọ sórí ìkeje.

Màdáàmù kà á pẹ́. Láìgbójú sókè, ó ní kí Israel dá iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ dúró. Ó wá ní kí Adélàjà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìlànà bó ṣe ń sọ ọ́: ohunkóhun tí o bá kà nínú iṣẹ́ tí ò ń yẹ̀ wò, kì í ṣe àṣẹ, bí kò bá yé ọ, dúró, kí o béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ ṣé gan-an, Bàbá Ṣẹ̀rífátù. Lẹ́yìn náà ó pe Israel wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Aago márùn-ún lu. Ọkọ̀ Israel ti ń dúró nísàlẹ̀, bó ṣe máa ń gbé e lójoojúmọ́. Adélàjà rò ó pé kóun wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n géètì kan náà ni kẹ̀kẹ́ máa já a sí. Ó wọ iwájú ọkọ̀, ó fa bẹ́líìtì.

Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Benson, Israel la ẹnu.

"Mo ti pe bàbá mi. Wọ́n ní kẹ́ ẹ rí àwọn tẹ́ ẹ bá ti délé."

Adélàjà ní òun ó yọjú.