Ẹni Tí Iná Kì Í Kú Mọ́ Lọ́wọ́

Ẹ ti fura pé iná náà máa kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kú. Ẹni tó bá jẹ́ pé nítorí àtimọ̀ bóyá ó kú tàbí kò kú ló ṣe jókòó lè dìde báyìí, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó kù ju ti ògùṣọ̀ lọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ináòkú fi ṣọ́ iná ní ilé-iṣẹ́ ìgò tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀, ó ń fi í kí ara rẹ̀ títí tó fi mọ́ àwa náà lẹ́nu. Iná ìléru kì í sinmi. Bí ó bá kú, ìgò yíyọ́ tó wà nínú rẹ̀ á dì gbagidi, ìléru á sán, ilé-iṣẹ́ á sì parí. Bí tiwa ṣe parí nìyẹn ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Irinwó òṣìṣẹ́ ló padà sílé lọ́sẹ̀ kan náà.

"Ṣùgbọ́n kò kú mọ́ mi lọ́wọ́ o." Ináòkú máa ń sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú, ó máa ń sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, ó sì máa ń sọ ọ́ níwájú onígbàjámọ̀ nígbà tí abẹ bá wà lọ́rùn rẹ̀, tó yẹ kí èèyàn dákẹ́.

Ọwọ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló kú sí. Ináòkú fúnra rẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n bá àbúrò ìyàwó yìí lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ìléru, iná ti kú, ilẹ̀kùn irin kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí iná sì wà ní títì pa. Àwọn ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé pé afẹ́fẹ́ líle ló mú kó ti ilẹ̀kùn, pé ó wá sùn lọ. Inú ìwé ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kú sí. Èyí tó dé ojú pópó kò ju oorun lọ. Àdúgbò bá sọ ọ́ ní Ó-Dàárọ̀. Bàtà ló ń rán báyìí. Bí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ra ọṣẹ lọ́sàn-án gangan, ẹnì kan á ní, "Ó dàárọ̀ o!" Òun náà á ní, "Ká jí ire," á gba ọṣẹ rẹ̀, á máa lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbèjà ara rẹ̀. Ó ní títì pa lòun bá ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà láàárín àwọn olùṣọ́ iná. Ẹni tó ń lọ kì í lọ, àfi tí ẹni tó ń bọ̀ bá fojú sí ihò tó wà lára ìléru, tó wo iná, tó ní, "Mo ti rí i." Bí ó bá ti jáde lẹ́nu rẹ, iná ti di tìẹ, tòun ti àbùkù rẹ̀. Wọ́n bi í pé ṣé ó sọ ọ́. Ó ní òun sọ ọ́, àmọ́ ẹnu géètì lòun ti sọ ọ́. Ó ní Ináòkú ló ń kánjú lọ ya fọ́tò oyè Òṣìṣẹ́ Tó Ta Yọ, ó ní, "Àna mi, iná wà dáadáa, ṣáà sọ ọ́." Ta ni yóò sọ fún ẹni tó bá a wáṣẹ́ pé kó padà wọlé kó wá dúró? Ináòkú ní irọ́ ni. Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ títí dòní, ó rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Nígbà tí a gbọ́ pé ògùṣọ̀ eré ìdárayá ńlá, èyí tí wọ́n ń sáré gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́, máa gba òpópónà wa kọjá, kò dùn mọ́ gbogbo wa bákan náà. Wọ́n wá dí kòtò ojú títì, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún tí iná máa gbà nìkan ni. Wọ́n fi kòtò apá òsì sílẹ̀ fún àwa onílé. Wọ́n kun iwájú ilé-iṣẹ́ ìgò ní funfun, wọn ò dé ẹ̀yìn.

"Tiwa kú, ẹnikẹ́ni ò wá kí wa kú ìrọ́jú," ni Baba Ìléru wí, arúgbó tó kọ́ gbogbo olùṣọ́ iná níṣẹ́. "Wọ́n wá fẹ́ gbé iná oníná sáré kọjá níwájú òkú wa."

"Baba, ẹ jẹ́ kó kọjá," ni obìnrin oníbúrẹ́dì dá a lóhùn. "Ó pẹ́ tí nǹkan kan ti gba ibí kọjá."

Àwọn tó ń ṣètò ní èèyàn méjì ni yóò gbé e ní òpópónà wa. Ináòkú á gbé e dé iwájú ilé-iṣẹ́, ẹnì kejì á gbà á níbẹ̀. Wọ́n ní kí Ináòkú fa ẹnì kejì náà kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná.

"Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi gbà á lọ́wọ́ yín. Kí gbogbo ayé rí i pé ẹ gbé iná lé e lọ́wọ́. Kí wọ́n lè padà máa pe orúkọ rẹ̀."

"Kó tún sùn lé e lórí?"

"Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé, ẹ dákun."

"Iná kì í ka ọdún."

Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ináòkú fa tíṣà kan kalẹ̀ tí kò mọ ìléru yàtọ̀ sí àdògán. Ìyàwó gbé aṣọ eré funfun tí wọ́n fún ọkọ rẹ̀, ó lọ ọ́ títí ó fi dán. Ó ní láti lọ ọ́ dáadáa, torí ṣòkòtò náà kúrú débi pé ojú gbogbo wa máa wà lára rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Ináòkú ń gbé ẹsẹ̀ àga kan sókè, ó ń sáré lọ sáré bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ináòkú, ta ló jókòó sórí èyí tó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta?" ni oníbúrẹ́dì ń bi í.

"Àwọn ọ̀tá mi ni."

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ tó ń kọrin kọ́kọ́ kọjá, èyí tó ń ju àsíá kéékèèké tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni Ináòkú yọ, àyà rẹ̀ síwájú, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dán. Mi ò ní purọ́, ó wuni. Àwọn tó ti ní àwọn ò ní wò ó náà ń na ọrùn. Ó-Dàárọ̀ dúró sẹ́yìn gbogbo wa lẹ́bàá òpó iná, abẹ́rẹ́ bàtà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí Ináòkú ṣe kan igun ilé-iṣẹ́ ni afẹ́fẹ́ já dé. Iná ògùṣọ̀ tẹ̀ síbi kan. Ihò wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ ẹnu ògùṣọ̀ náà, ibẹ̀ ni iná ń gbà mí. Ọwọ́ òsì Ináòkú gbéra láìbi í léèrè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwọn ihò náà pa pátápátá, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn.

Iná kú. Èéfín díẹ̀ ló kù.

Òṣìṣẹ́ kan bẹ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ tòun ti fìtílà kékeré tí wọ́n fi ń tọ́jú iná ìpamọ́, ó tún un tàn kí èèyàn tó so okùn bàtà tán. Tíṣà gbà á, ó sáré lọ. A pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùṣọ́ iná àtijọ́ kò pàtẹ́wọ́. Baba Ìléru ń wo ọwọ́ òsì yẹn. Ó-Dàárọ̀ náà wò ó, ó sì padà sídìí bàtà rẹ̀.

Lọ́sàn-án, a lọ kí i nílé bí a ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ fọ́tò rẹ̀, kò tíì bọ́ ṣòkòtò náà.

"Ta ló kọ́ ọ láti ti ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ pa?" ni Baba Ìléru bi í. "Ìdajì ni mo kọ́ yín."

"Baba, afẹ́fẹ́ ni. Bó bá le, mo máa ń tì í pa. Bó bá rọ̀, mo máa ń ṣí i padà. Ọgbọ́n tara mi ni, kò já mi kulẹ̀ rí."

"Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n?"

Ináòkú wò yíká, ó rí ojú wa, ó sì wá ibi sá sí. "Mo fi han àna mi náà. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí iná kú nìyẹn. Afẹ́fẹ́ yẹn ló mú un tì í. Oorun ni ò jẹ́ kó ṣí i."

Ìyàwó rẹ̀ ń gbé omi wọlé bọ̀. Ó gbé àwo náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Afẹ́fẹ́ wo?"

"Èyí tó ṣí páànù wa lọ́jọ́ náà."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ ti afẹ́fẹ́ fún mi rí. Oorun ni wọ́n sọ." Ó fi ìdí ìborùn nu ọwọ́ rẹ̀. "Àárọ̀ ni afẹ́fẹ́ yẹn jà. Nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kó tó di aago méjìlá, ó ti dá. Àbúrò mi ló gun òrùlé yìí lọ kan páànù náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wẹ̀, ó jẹun lórí àga tí Baba jókòó sí yẹn. Aago méjì ló wọṣẹ́. Nígbà tó ń jáde lọ, ewé kan ò mì."