Àwọn Hun Tó Sọnù Lórí Téèpù

Èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n fi wá mú Sewanu. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà rò pé mo ń fi ewé bo ẹ̀bi mi. Adékọ́lá lorúkọ mi, Adó-Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, ìfura sì ti wà lára mi láti kékeré. Ìyá mi máa ń sọ pé bí èèyàn bá kí mi "ẹ káàárọ̀", màá kọ́kọ́ bojú wo ọ̀run bóyá lóòótọ́ ni ilẹ̀ ti mọ́.

Ọdún 1984 ni. Ìlú le koko. Ìlà la fi ń ra ìrẹsì, ìlà la fi ń ra ọṣẹ, ìjọba ológun sì ti ti ẹnubodè pa. Ní Àgbádárìgì, àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà lódìkejì ẹnubodè nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá, orúkọ wọn sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tí àwọn ṣójà ń mú dání. Ọ́fíìsì wa ló ń ṣe ìwé náà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà lọ́dọ̀ wa, tó ga ju èèyàn lọ, èkejì rẹ̀ sì wà ní Aradagun. Àwọn òyìnbó tó kó wọn wá ti lọ, nítorí ìjọba ò fún wọn láṣẹ mọ́ láti kó ohun èlò wọlé. Èmi ló kù tí mo mọ inú wọn.

Iṣẹ́ mi ni ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ náà, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì. Òun ló ń pín àyè fún gbogbo ètò yòókù, bí baálé ṣe ń pín yàrá. Àyè tó ń pín yẹn ni iyè ẹ̀rọ, orí bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ ló sì máa ń wà. Bọ́ọ̀dù mẹ́ta ló yẹ kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní. Méjì-méjì la ní, ìkẹta jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ọ́fíìsì méjèèjì jọ ń lò. Láàárọ̀, ọ̀dọ̀ wa ló máa ń wà. Tó bá di aago méjìlá ọ̀sán, Àmínátù, akọ̀wé tó wà ní Aradagun, á wá gbé e lọ. A ò sì gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ ká tó yọ ọ́, nítorí ìgbà tá a pa á kẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbà wá kó tó jí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ètò kan sínú kánẹ́ẹ̀lì, tá a fi lè yọ bọ́ọ̀dù náà, ká sì fi í padà, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo fi ṣe yànga títí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Sewanu á tẹ àṣẹ kan. Kánẹ́ẹ̀lì á ké àgò sí gbogbo ètò tó lẹ́rù lórí bọ́ọ̀dù náà. Ètò kọ̀ọ̀kan á kó ẹrù rẹ̀ lọ sórí bọ́ọ̀dù mìíràn, á sì dáhùn. Lẹ́yìn náà ni iná aláwọ̀ ewé á tàn, tí Sewanu á fà á yọ.

Sewanu ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin Àgbádárìgì ni, Ègùn pọ́ńbélé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyẹn nìkan ti tó fún mi láti máa ṣọ́ ọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ọjọ́ Ajé la máa ń kọ ìwé náà sórí téèpù, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì. Nírọ̀lẹ́, Sewanu á gbé téèpù lọ sí Aradagun, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ṣójà lé èèyàn méjìlélógún padà pé orúkọ wọn kò sí: Hunsu, Hunpe, Hunyinbo, àwọn orúkọ Ègùn tó fi Hun bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó fẹ́ lọ wo àgbàdo rẹ̀, wọ́n fi í jókòó sínú oòrùn títí ọjọ́ fi rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn Hun náà ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn náà ni. Nínú ẹ̀rọ wa, orúkọ wọn pé pérépéré. Lórí téèpù, a ò rí wọn. Ta ni téèpù sì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti aago méjì títí dìrọ̀lẹ́?

Ìfura loògùn àgbà, mo sì ti gbọ́n tán lójú ara mi. Lọ́jọ́ kan tí mo ń to ìlà mílíìkì ní ọjà Agbalata, mo gbọ́ tí obìnrin méjì níwájú mi ń sọ pé ìdílé Sewanu àti ìdílé Hunsu kan ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ àgbọn ní Imeke. Hun, Hun, Hun! Kò sí Adé kan láàárín wọn, kò sí Ọlá kan. Ta ni yóò máa ṣa àwọn Ègùn nìkan bí kò ṣe Ègùn bíi tiwọn tó ń bá wọn jà? Mo fi mílíìkì sílẹ̀, mo kúrò lórí ìlà.

Ọ̀gágun Mákánjú ni ológun tí wọ́n fi ṣe olórí wa. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ló ti ń béèrè orúkọ ẹni tó ń ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́. Mo kọ ojú ewé méjì fún un. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣeé ṣe rárá kí ẹ̀rọ ṣe àṣìṣe, nítorí èmi ni mo kọ ètò rẹ̀. Mo kọ ìjà ilẹ̀ náà síbẹ̀. Mo kọ orúkọ Sewanu, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ṣójà mẹ́ta wọlé. Sewanu ń fi òwú nu ẹ̀rọ téèpù lọ́wọ́.

"Ọ̀gá Adékọ́lá," ó ní, "kí ni mo ṣe?"

Mo ń wo ilẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ìdáhùn nínú yàrá náà. Wọ́n gbé e lọ. Ẹni tí wọ́n bá mú bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò jáde. Wọn kì í gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọn kì í sì í sọ fún ìyá rẹ̀ ibi tó wà.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kó téèpù sí i. Bí mo bá ti fà á, á tú. Bí mo bá tún un wé, á lọ́. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà tí Àmínátù dé, mo tẹ àṣẹ, iná tàn, mo fa bọ́ọ̀dù yọ, mo fún un. Téèpù náà ò kúrò lójú mi títí mo fi gbé e dé Aradagun. Àní ilé ìtọ̀ gan-an, èmi àti ẹ̀ la jọ lọ.

Àmínátù tẹ ìwé náà jáde, mo sì kà á lórí ìdúró. Àwọn Hun pé. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo ṣí ojú ewé kìn-ín-ní. Lẹ́yìn Adébíyìí, Agosu ló kàn. Gbogbo àwọn Adé yòókù kò sí níbẹ̀. Adédìran kò sí. Adékọ́lá mẹ́rin ló yẹ kó wà, kò sí ẹyọ kan.

Ta ni mo bá jà nínú àwọn Adé?

Mo padà sí Àgbádárìgì, mo tẹ́ ètò tí mo kọ sórí tábìlì, mo ń kà á bí ẹni pé ọ̀tá mi ló kọ ọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tó rí i, nínú ìlà mẹ́rin péré. Kánẹ́ẹ̀lì á ké àgò, á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Bí ètò kan kò bá dáhùn, á gbà pé yàrá òfìfo ni, á sì tan iná. Ètò tó ń kọ téèpù kì í sì í lè dáhùn kíákíá, nítorí ó máa ń sùn títí téèpù á fi yí débi tó ń fẹ́. Ó wà nílé. Ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀. A kàn wó ilé mọ́ ọn lórí ni, gbogbo orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn sì bá a lọ. Nígbà tí Sewanu bá ń kó téèpù sí i láago mẹ́wàá gérégé, orí H ló máa ń wà láago méjìlá. Ní ẹkùn ẹnubodè, àwọn Ègùn ló ni H. Ìṣọwọ́ṣiṣẹ́ rẹ̀ tó péye ló kó bá a.

Ojú tì mí débi pé mo pa ilẹ̀kùn dé. Mo tún ìlà mẹ́rin náà kọ: kí kánẹ́ẹ̀lì dúró títí ẹni tó wà nílé á fi dáhùn, bó pẹ́ bó yá, kí iná má tàn ṣáájú. Ó ṣeé ṣe kí n fi í sínú ẹ̀rọ, kí orúkọ má sọnù mọ́, kí gbogbo ayé sì gbà pé torí a mú Sewanu ni. Mo rò ó. Mi ò ní parọ́, mo rò ó fún odidi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé náà, mo lọ bá Ọ̀gágun Mákánjú.

Ó gbọ́ mi tán. Ó fẹ̀yìn ti àga.

"Kí ni wọ́n fún ọ?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan, sà."

"Àbí ọmọbìnrin náà wù ọ́?"

"Rárá, sà."

Ó fa ìwé tí mo kọ jáde. "Ìwọ lo kọ ọ́ síbí: 'Kò ṣeé ṣe rárá kí ẹ̀rọ ṣe àṣìṣe.' Ṣé ọwọ́ rẹ nìyí àbí ọwọ́ bàbá mi?"

Gbogbo ohun tí mo fi ro Sewanu ló fi ń rò mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, nítorí èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Sà, mi ò tíì fi àtúnṣe náà sínú ẹ̀rọ. Ẹ wá lọ́la. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ yan aago, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yọ ọ́. Màá sọ orúkọ tó máa sọnù fún yín."

Ó wá lóòótọ́. Nígbà tí mo ti mú kí téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó lé mi jìnnà sí ẹ̀rọ, ó ní kí n ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó jókòó, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń wojú mi. Lójijì ló tẹ àṣẹ, ó sì fa bọ́ọ̀dù náà yọ.

Mo wo nọ́ńbà ẹ̀rọ téèpù. "D la wà, sà. Àwọn Dansu àti àwọn Dosu."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé téèpù náà sórí itan títí dé Aradagun. Àmínátù tẹ̀ ẹ́ jáde. Láti orí Dansu dé orí Dosu, kò sí wọn. Ọ̀gágun náà ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé èmi náà wá di ọ̀tá àwọn Dosu nìyẹn?" ó ní. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ gan-an ló yẹ kí n tì mọ́lé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ni yóò wá tún ẹ̀rọ ṣe?" Ó na ìwé òfìfo sí mi. "Kọ ọ́ pé irọ́ lo kọ sí mi. Irọ́ ni kó o pè é, má pè é ní àṣìṣe."

Mo kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé ni Sewanu padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ti rù, bàtà rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Mo dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú Àmínátù, mo sọ ohun tí mo ṣe láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó gbọ́ mi tán.

"Ilé Hunsu tí ẹ kọ sínú ìwé yín," ó ní, "ilé ìyá mi ni. Bàbá mi àti àwọn àbúrò ìyá mi ló ń jà. Ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n lé padà, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún méjì la ti jọ wà nínú yàrá yìí, ọ̀gá. Ẹ ò bi mí."

Ó kó téèpù sí ẹ̀rọ láago mẹ́wàá gérégé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ó yọ ìwé kan nínú báàgì rẹ̀, tó ti fi rúlà fa ìlà sí: ọjọ́, aago, ẹni tó yọ bọ́ọ̀dù, ẹni tó dúró tì í.

"Láti òní lọ," ó ní, "mi ò ní fọwọ́ kàn án àfi tẹ́ ẹ bá dúró tì mí, tẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé yìí."

"Mo ti tún kánẹ́ẹ̀lì ṣe, Sewanu. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Àwọn yovo tó kó ẹ̀rọ yìí wá náà sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lọ."

Ó tẹ àṣẹ. Iná ò tètè tàn. A dúró, Àmínátù náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí téèpù yí débi tó ń lọ, iná aláwọ̀ ewé tàn, ṣùgbọ́n Sewanu ò mira. Bírò ló nà sí mi. Mo fọwọ́ sí i. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó wo ìfọwọ́sí mi láti òkè dé ilẹ̀, ó tún un wò, kó tó yíjú sí ẹ̀rọ tó sì fa bọ́ọ̀dù náà yọ.

Ọdún mẹ́rin la tún fi ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò sí ọ̀sán kan tí kò yẹ ọwọ́ mi wò bẹ́ẹ̀.