Ẹ̀rọ Fawas Kì Í Gbàgbé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó gbọ́n jù ní gbogbo Alimosho, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Fawas fúnra rẹ̀ á sọ fún yín, kẹ́ ẹ tó kí i tán pàápàá. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, tó wá gba yàrá sí Ìdímù, tó ń fi òyìnbó bá ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe jiyàn lórí jẹnẹrétọ̀, ta ni kò ní mọ̀ pé ọ̀gá dé sádùúgbò?

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni Alhaji Sàkàrìyáù ń wá. Alhaji ni olórí ẹbí kan tó nilẹ̀ ní Egan, ẹ sì mọ ohun tí ayé ń sọ nípa ọmọ onílẹ̀. Ayé ò sì parọ́ mọ́ wọn. Láyé àwọn ẹ̀gbọ́n Alhaji, wọ́n á ta ilẹ̀ fún Lágbájá láàárọ̀, wọ́n á tún un tà fún Tàmẹ̀dù lọ́sàn-án, wọ́n á wá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa wo bí àwọn méjèèjì ṣe ń fa ara wọn láṣọ ya. Nígbà tó wá kan Alhaji láti ṣe olórí ẹbí, ó dìde ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó fi Kùránì búra pé ẹbí òun ò tún ní ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì mọ́ láéláé. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ṣe àmín. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà wọn.

Fawas ló ní òun á bá a mú ìbúra náà ṣẹ. "Alhaji, ọmọ aráyé ló ń ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ti ẹ̀rọ ṣe. Ẹ̀rọ kì í parọ́, ẹ̀rọ kì í gbàgbé."

Ohun tó gbé kalẹ̀ ò ṣòroó yé èèyàn. AI kan, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, wà lórí WhatsApp ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ á fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, òun náà á sì dá a lóhùn pẹ̀lú ìtẹríba tí ìyàwó tuntun ò ní. Ṣùgbọ́n AI yẹn, ẹnu nìkan ló ní, kò lọ́wọ́. Fawas wá kọ sáfà kan, ìyẹn ètò kan nínú kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ ọwọ́ fún un. Sáfà yìí ló ń wo ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tó ń kọ orúkọ ẹni tó rà á, tó sì ń fi rìsíìtì ránṣẹ́. Ó ki sáfà náà bọ inú kọ̀ntéínà. Kì í ṣe ti Àpápá o. Àpótí kan ni nínú kọ̀ǹpútà, tí sáfà á máa dá gbé pẹ̀lú gbogbo ẹrù ẹ̀, tí kò ní bá ẹnikẹ́ni du àyè. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún wà ní ọ́fíìsì ẹbí ní Ìkòtún, wọ́n so ó mọ́ ínfátà tó ń fi bátìrì gbé iná. Fawas tún wá fi ọgbọ́n lé ọgbọ́n. Ó ṣètò ẹ̀ pé nígbàkigbà tí iná bá lọ tó sì padà dé, kọ̀ǹpútà á da àpótí ti tẹ́lẹ̀ nù, á sì ṣe òmíràn tuntun bí èyí tó kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Kó lè máa mọ́ tónítóní ni," ló wí.

Ilẹ̀ ni Alhaji fi san owó iṣẹ́ fún un, ilẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ní Egan. Ohun tí Fawas sì ń wá gan-an nìyẹn. Láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú, ńṣe ni Mọ̀dínátù, ìyá ẹ̀, ń háyà yàrá kiri Ìjẹ̀gùn, tí lánlọ́ọ̀dù kan ń lé e fún lánlọ́ọ̀dù mìíràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà, Fawas pàṣẹ fún un lójú gbogbo ẹbí pé kó kọ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga sí orúkọ òun. AI ní, "Ó ti di tiyín, ẹ kú oríire." Kò sí rìsíìtì, torí kò sówó tó wọlé. Alhaji ṣàdúrà. Mọ̀dínátù sunkún ayọ̀, ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ilé ìdáná á wà.

Ínfátà gbìyànjú títí òjò fi dé, bátìrì ẹ̀ wá dákẹ́. Iná Ìkòtún ń tàn, ó ń lọ. Bó bá ti dé, kọ̀ǹpútà á da àpótí nù, á ṣe tuntun, ó mọ́ tónítóní lóòótọ́! Orúkọ gbogbo àwọn tó ti ra ilẹ̀ bá àpótí lọ. Lójú àpótí tuntun, kò sẹ́ni tó ra ilẹ̀ rí ní Egan. Ìta àpótí ló yẹ kí Fawas kó orúkọ wọn pamọ́ sí, níbi tí dída àpótí nù ò ti ní kàn án. Ìlà kan péré ló máa kọ. Kò kọ ọ́. Ẹ̀rọ ni kì í gbàgbé, wọn ò sọ ti Fawas.

Bí Yàhàyá wẹ́dà àti tíṣà kan tó ń jẹ́ Hephzibah ṣe pàdé lórí ilẹ̀ kan náà nìyẹn, kálukú pẹ̀lú yanrìn tiẹ̀, kálukú pẹ̀lú rìsíìtì tiẹ̀. Wọ́n ya bo ẹnu ọ̀nà Alhaji, gbogbo Egan tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀, àbí? Kùránì náà lẹ fi búra o!"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Fawas. Ó ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó wò ó, kó tó mu omi tí wọ́n gbé fún un ló ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa sọ: èmi ni. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta ilẹ̀ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣé níwájú wẹ́dà ni ọ̀gá á ti jẹ́wọ́ ni?

"Fawas, ọmọ mi," Alhaji wí, "bá mi sọ fún wọn jàre. Ṣé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe ni?"

Fawas nu gíláàsì ojú ẹ̀, ó tún un nù. "Alhaji, ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Àfi tí èèyàn bá tọwọ́ bọ̀ ọ́..."

Kò parí ẹ̀. Kí ló fẹ́ parí ẹ̀ fún? Èrò bá a parí ẹ̀. "Ẹ ò gbọ́? Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ ọ́!"

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji yọ ilẹ̀ tó kù, tó fi pamọ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀, ó fi dípò fún Hephzibah. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn pátápátá ló ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí wọ́n máa ń pè ṣe ẹlẹ́rìí níbi yìgì tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Ta ló fẹ́ fi òpùrọ́ ṣe ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀?

Fawas ní tiẹ̀ rọra kọ ìlà kan yẹn. Ó ní kí gbogbo ẹni tó ní rìsíìtì fi í ránṣẹ́, ó sì dá orúkọ wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, iná ìbáà lọ ìbáà dé, ẹ̀rọ ò gbàgbé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn ò dá orúkọ ẹ̀ padà, ẹni tí kò ní rìsíìtì. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n. Ọlọ́gbọ́n ò tíì mọ̀.

Ìyá ẹ̀ ló pè é. "Fawas, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ wa o!"

Ọ̀kadà ló gbé e dé Egan. Ó bá àwọn lébìrà tó ń gbẹ́ fáúndéṣọ̀n, ìyá ẹ̀ jókòó sétí kànga, ẹsẹ̀ bàtà ẹ̀ kan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ganiyat, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń rán híjáàbù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ló ń pàṣẹ fún àwọn lébìrà.

"Ilẹ̀ mi nìyí!" Fawas pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, rìsíìtì yín dà?" Ganiyat fi tiẹ̀ hàn án. Nígbà tí Fawas ò rí nǹkan kan fi hàn, obìnrin náà bi AI léèrè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ. AI fi ìtẹríba dáhùn: "Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga, ti Alhaja Ganiyat ni. Ẹ kú iṣẹ́ ilé o."

"Ẹ̀rọ ṣàṣìṣe!"

Yàhàyá wẹ́dà wà níbẹ̀. "Ẹ̀rọ wo? Èyí tí kì í gbàgbé yẹn? Àbí èèyàn ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, bọ̀dá. Ta lẹlẹ́rìí yín?"

Fawas wò yí ká. Alhaji ń bọ̀ láti ọ̀nà ilé ẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ó lè bá tiẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ó dúró.

"Èmi ni mo fi ilẹ̀ yìí fún un," ló wí. "Ojú mi ló ṣe. Mo fi Ọlọ́hun búra."

"Haà, Alhaji! Ẹ tún ń búra!"

Ẹ̀rín ta sókè. Ojú ti Fawas débi pé kò mọ ibi tó máa wò.

"Fawas," ìyá ẹ̀ wí, "bá wọn sọ̀rọ̀ ṣá. Sọ fún wọn pé Alhaji kì í parọ́."

Fawas rọra lanu. "Alhaji ò parọ́," ló wí.

"A ò gbọ́ o!"

"Alhaji ò parọ́ rárá! Wọn ò ta ilẹ̀ kankan lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń gbàgbé. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pè mí, mo dákẹ́ ni."

Ẹ̀rín tán. Yàhàyá ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji. Àwọn tó kù ń kùn, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ganiyat wo fóònù ẹ̀, ó wo Fawas.

"Ó dáa, Alhaji ò parọ́," obìnrin náà wí. "Rìsíìtì tèmi ńkọ́?"

Alhaji yíjú sí Mọ̀dínátù. "Ìyá Fawas, ilẹ̀ ti tán lọ́wọ́ wa. Èyí tó kù ni mo fún tíṣà."

Mọ̀dínátù wọ bàtà ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alhaji, ó bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọ ẹ̀, ó sì dìde. Fawas na ọwọ́ sí i, ó ní, "Màámi." Ìyá ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá láìwò ó, ó ń lọ wá ọkọ̀ Ìjẹ̀gùn. Lẹ́yìn ẹ̀, àwọn lébìrà tún ti gbé ṣọ́bìrì.