Kòtò Omi Abẹ́ Igi Máńgòrò

Àbí oòrùn ló pa àwọn ẹja yìí ni? Rárá, oòrùn kọ́. Igi máńgòrò ń ṣíji bo ibẹ̀ tí ọ̀sán bá ti pọ́n, torí ẹ̀ ni mo ṣe gbẹ́ kòtò yìí síbẹ̀… Mo tún ki ọwọ́ bọ omi. Tútù ni.

Gbogbo epìyà tí mo fi garawa gbé wá láti Elavagnon nílé wa, tí mo gbé lé itan nínú táksí títí dé Glei níbí, gbogbo wọn ló ti yíkùn sókè.

"Tó bá di Sátidé tí ẹja ò sí níbẹ̀, màá fi erùpẹ̀ dí i." Bàbá Adèle, ọkọ mi, ò pariwo. Kì í pariwo tó bá ti pinnu. Adèle ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà, òótọ́ ló sọ. Ẹja ló ń jẹ tanwíjí. Omi tí kò lẹ́ja, ẹ̀fọn ni yóò máa bí fún wa. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ ara mi ṣe nínú agbo ilé yìí —

Ṣé kò jìn tó ni? Ó dé mi nítan. Etí ẹ̀ kan ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí adìyẹ tó bá já sínú ẹ̀ lè rọ́nà jáde. Mo gbin òṣíbàtà. Omi òjò ló kún un. Mi ò fi sìmẹ́ńtì sí i, torí sìmẹ́ńtì tuntun ló pa ẹja ẹ̀gbọ́n mi Céline l'Atakpamé. Erùpẹ̀ òkìtì ọ̀gán ni mo pò, tí mo lù bí a ṣe ń lu ilẹ̀ ilé, títí tó fi le gbagidi. Kò sì jo. Kò jo!

Kí ló wá kù?

Ìyakọ mi pàápàá ò tíì sọ nǹkan kan. Òun tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ látọjọ́ tí mo gbé ọkọ́: "Ìyàwó, ṣé ọ̀nì lo fẹ́ máa sìn nílé ọmọ mi ni?" Àfi ọjọ́ tí mo lu amọ̀ tán, tó gbé ìkòkò jáde láti ilé ìdáná. "Ta ló ń fi amọ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò báyìí? Sún lọ jàre." Omi èèpo irúgbá, èso tí a fi ń ṣe irú, ni, tó sè títí tó fi dúdú, tó ki, èyí tí a fi ń rẹ́ ilẹ̀ ilé kó má baà fọ́. A jọ kúnlẹ̀. Ó ń rẹ́ ẹ, mò ń fi òkúta dán an. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní ọmọ mi…

Èèpo irúgbá.

Dúró ná.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, l'Elavagnon, tí odò bá gbẹ ku ọ̀gọ̀dọ̀ ọ̀gọ̀dọ̀, kí là ń gún dà sínú ẹ̀? Èèpo yìí náà kọ́? Ojú ẹja á máa pòòyì, á yíkùn sókè, a ó máa fọwọ́ ṣà á. Èmi náà ṣà á! Omi tó pọ́n díẹ̀ yìí, mo rò pé amọ̀ ni…

Ó ṣeé tún ṣe. Ká gbọ́n omi dànù, ká ha ojú amọ̀ kúrò, ká jẹ́ kí òjò míì kún un, ká fi ẹja kékeré kan dán an wò. Bàbá Adèle á ní sùúrù tó bá mọ ìdí. Àmọ́ ìdí yẹn… ìkòkò ìyá ẹ̀ ni. Kí ìyàwó ilé na ìka sí ìkòkò ìyá ọkọ! Tí mo bá sì dákẹ́, Sátidé —

Ṣùgbọ́n ìyakọ mi náà mọ ohun tí èèpo irúgbá ń ṣe fún ẹja. Láti kékeré ló ti ń ṣe irú. Ó jáde láàárọ̀, ó wo àwọn ẹja, ó dúró pẹ́. Mò ń retí yẹ̀yẹ́. Ńṣe ló yípadà. Ó wọlé, kò sì tíì jáde. Kò tiẹ̀ dáná.

Ó mọ̀.

Látàárọ̀ ni mo ti jókòó síbí, tí mò ń bẹ̀rù ẹnu ẹ̀. Òun náà jókòó sínú ilé, ó ń bẹ̀rù tèmi.

Èmi ni mo kéré. Èmi ló yẹ kí n dìde lọ bá a.