Àṣẹ Tí Kì Í Ké Àgò

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí Àsíátù ti kí Bàbá Ògúnwùmí gbẹ̀yìn. Ìyàwó ilé, tó ń gba iwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kọjá láràárọ̀ bí ẹni tí ọrùn ń dùn! Gbogbo Ìwéré-Ilé ló gbọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe? Bàbá náà, ọdẹ tí ò mọ̀ ju ìbọn lọ, wo kọ̀ǹpútà tí Àsíátù fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rà, ó ní, "Ìyàwó, àpótí yìí ì bá dáa fún adìyẹ láti yé sí." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti darúgbó. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń so ó mọ́ kéèyàn tó rí ohun tó ń sọ, èdè BASIC nìkan ló sì gbọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ni Tíṣà Àsíátù fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, onílé sì ti ní kó kẹ́rù ẹ̀ jáde. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ṣófo lọ́jà. Mákánjúọlá náà ń wá a, kó lè máa gba tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ìyálọ́jà Dúróríkẹ́ wá ní kí kálukú wá fi hàn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa wúlò fún ọjà.

"Ẹ̀rọ mi á máa sọ ọjọ́ tí ọjà bọ́ sí," Àsíátù fọ́nnu. "Títí ọdún á fi yí po!"

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọjọ́ ọjà, ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lójú gbogbo ayé, jẹnẹrétọ̀ ń kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìrántí ẹ̀rọ yìí dà bí yàrá tó tò lọ rẹrẹ," ó ní. "Kálukú ló ní nọ́ńbà tiẹ̀. Àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní POKE. POKE kì í kanlẹ̀kùn. Ẹ dárúkọ yàrá, ẹ dárúkọ iye, ó ti já wọlé gbé e síbẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ ti wọgbó."

"Kì í ké àgò?" Bàbá Ògúnwùmí béèrè látẹ̀yìn. "A jẹ́ pé ó jọ ìyàwó wa."

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Àsíátù ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà wọn, ó sì ti fi POKE gbé márùn-ún sí yàrá tó yẹ kó tó kúrò nílé. Ó tẹ bọ́tìnnì. Tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ gàdàgbà pé Sátidé ni ọjà tó ń bọ̀.

"Sátidé bàwo?" Dúróríkẹ́ figbe ta. "Jímọ̀ ni!"

Àsíátù ka ìka. Mọ́ńdè, Túsìdeè, Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè, Jímọ̀. Yéè! Àwa a máa ka òní mọ́ ọn, ẹ̀rọ ò kà á! Mẹ́rin ló yẹ kó gbé síbẹ̀.

"Ẹ fún mi níṣẹ́jú kan."

Ìwé tó kọ nọ́ńbà yàrá sí wà nílé. Ohun tó rántí ni pé láti 40000, ìyẹn ọ̀kẹ́ méjì, ló ti bẹ̀rẹ̀, yàrá karùn-ún ló sì ń wá. Ó ti kọ́gbọ́n wàyí, kò tún ní ka ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ láéláé. Ó tẹ̀ ẹ́: POKE 40005, 4.

Pìì! Pìì! Pìì! Pìì! Yàrá tó ń ṣètò ohùn ẹ̀rọ ló já wọ̀. Sátidé ṣì jókòó síbẹ̀.

"Ọmú ló ń sunkún sí," Mákánjúọlá ní. "Ìyálọ́jà, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá o."

Àsíátù tẹjú mọ́ bọ́tìnnì. Níbo ni àwọn ọmọ yẹn máa jókòó lọ́la?

Bàbá Ògúnwùmí sún mọ́ ọn. "Ìyàwó, yàrá wo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

Kò fẹ́ dá a lóhùn. "Ọ̀kẹ́ méjì," ó ráhùn.

"Ṣé ìyẹn kì í ṣe yàrá ni? Ewúrẹ́ ló ń gbénú ẹ̀? Ka òun náà mọ́ ọn. Ọ̀kẹ́ méjì, ó di ọ̀kan. Ọ̀kẹ́ méjì ó lé kan, ó di méjì." Ó ń ká ìka títí ó fi dé ìka karùn-ún. "Ọ̀kẹ́ méjì ó lé mẹ́rin. Yàrá ẹ nìyẹn."

POKE 40004, 4. Sátidé pòórá. Jímọ̀ yọjú. Ọjà hó yèè.

Dúróríkẹ́ dìde. "Ẹ̀rọ yìí dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ni mo máa fún ní ṣọ́ọ̀bù." Ó bá fi kọ́kọ́rọ́ lé ọdẹ lọ́wọ́. Ìbànújẹ́ ò jẹ́ kí Àsíátù lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ nílẹ̀.

Bàbá Ògúnwùmí ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù ṣe? Ẹran ìgbẹ́ kì í wá ra iyọ̀. Ìyàwó, kẹ́rù ẹ wọlé. Àmọ́ ẹni tó bá máa wọ ibí, àfi kó ké àgò."

Àsíátù wòkè, ó wolẹ̀. Oṣù mẹ́ta! Ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ pupa.

"Àgò onílé o! Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Ògúnwùmí."

"Àgò yà, ìyàwó mi."

Ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà wọlé, ó sì na ṣọ́ọ̀kì sí bàbá.

"Ó yá, ẹ dìde lórí àga tíṣà. Ilẹ̀ iwájú níbẹ̀ yẹn lẹ máa jókòó sí. Kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀."