Kẹ̀kẹ́ Tó Bá Àmínát Mu

Àmínát kì í gbàgbé ẹsẹ̀ ènìyàn. Ó lè gbàgbé orúkọ, ó lè gbàgbé ojú, ṣùgbọ́n tó bá ti fi téèpù wọn ẹsẹ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ létí ọ̀nà Ìyìn ní Adó-Èkìtì, gígùn rẹ̀ ti wọ orí rẹ̀ nìyẹn, kò ní í jáde mọ́. Ṣòkòtò ọkùnrin ló ń rán jù. Ibi ṣòkòtò náà ni ìfẹ́ sì gbà wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Lọ́jọ́ tí Adérẹ̀mí kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀, téèpù já bọ́ lọ́wọ́ Àmínát. Rẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a mú un, ó ní ṣé kì í ṣe pé ẹsẹ̀ òun gùn ju téèpù lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àmínát rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sí i lójú, láti ọjọ́ náà ló sì ti sọ ọkàn rẹ̀ nù sọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

Ọmọ Ìgèdè ni Rẹ̀mí, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Adó. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a gun kẹ̀kẹ́ ológeere, wọ́n a dé akoto, wọ́n a wọ aṣọ tó fún mọ́ wọn lára pinpin, wọ́n a gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Àmínát kọjá lọ sí Ìyìn, lọ sí Ìgèdè, kí wọ́n tó ṣẹ́rí padà. Kò sí oníbàárà tó ń bọ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ Àmínát a ti ṣílẹ̀kùn, a ti gbá iwájú ìta. Rẹ̀mí a ju ọwọ́ kan sókè sí i láìdúró. Ọwọ́ tó jù sókè yẹn ni Àmínát á máa jẹ lọ́kàn títí Sátidé mìíràn.

Ọdún méjì ni wọ́n ti ń bá a bọ̀, Àmínát ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá Rẹ̀mí ní Ìgèdè rí, ibi tí ọ̀kadà lè gbé e dé kí omi tó hó lórí iná. Tó bá béèrè, òjò ló ń rọ̀, tàbí ara màmá ò yá, tàbí wọ́n ti lọ sóko. "A máa lọ, Àmí mi," ni Rẹ̀mí máa ń wí, "fara balẹ̀." Bàbá Àmínát, Abdulsalam, tó ti Ìwó wá ń ta pákó ní Adó kí wọ́n tó bí i, ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ títí, ó sì ti dákẹ́. Àmínát ò dákẹ́ lọ́kàn tiẹ̀. Ó ń kọ́ bí àwọn ará Ìgèdè ṣe ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ilé di ulé lẹ́nu rẹ̀, ilẹ̀ di ulẹ̀, kí inú màmá lè dùn lọ́jọ́ tó bá kúnlẹ̀ kí wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Rẹ̀mí wọlé tó na fóònù sí i. Àwòrán kẹ̀kẹ́ ló wà níbẹ̀, pupa fòò, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ ká sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò. Ó ní òun fẹ́ rà á fún ẹnì kan.

Àmínát bi í pé ta ni. Rẹ̀mí rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹni tó yẹ kó máa gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Ìwọ ṣáà máa wò ó."

Àmínát ti rí ẹ̀rín yẹn rí. Ó ti kà á nínú àìmọye ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tó tò sábẹ́ tábìlì ìgé-aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣe olólùfẹ́ rẹ̀ ní nǹkan ìyanu ló máa ń rín in. Ó gbé ojú sílẹ̀ kí ayọ̀ má baà tú u fó.

Rẹ̀mí wá ń ṣàlàyé. Ó ní kì í ṣe nǹkan téèyàn ń rà ní ìràkurà, pé férémù rẹ̀, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́ náà gan-an, ní ìwọ̀n bí aṣọ ṣe ní ìwọ̀n. Tó bá tóbi ju ẹni tó ń gùn ún lọ, ẹni náà á máa nàgà bí ọmọ tó fẹ́ já ìbẹ́pẹ, ẹ̀yìn á máa ro ó. Tó bá kéré, orúnkún á máa lé dé àyà. Ẹni tó ń tà á ní Èkó sì ti sọ pé tóun bá ti fi ránṣẹ́, òun ò ní í gbà á padà. Ó ní ẹni náà gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó fi ìwé há ìtan méjèèjì títí á fi kan òkè pátápátá, kí wọ́n wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn ìwé dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Iye tó bá jáde ni wọ́n máa fi mọ férémù tó yẹ ẹ́.

"Ṣé télọ̀ lè wọn irú ẹ̀?" ló bi í.

Àmínát ní kí wá ni òun ń ṣe látàárọ̀.

Bí Rẹ̀mí ṣe jáde báyìí, ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ sálúbàtà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìwé ìfẹ́ tó ń kà lọ́wọ́ ló fi há ìtan. Íǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó tún un wọ̀n, kò yẹ̀. Ó wá rántí kẹ̀kẹ́ ńlá tí bàbá rẹ̀ fi ń ru pákó nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè kọjá lórí irin àárín rẹ̀, abẹ́ irin ló máa ń ki ẹsẹ̀ gbà, á wọ́ bí akàn, á sì máa fi bẹ́ẹ̀ wà á lọ. Kẹ̀kẹ́ tó bá a mu, kò gun irú rẹ̀ rí. Ó gbé iye náà sẹ́nu, ó ń retí kí Rẹ̀mí wá bi í.

Rẹ̀mí wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá wá. Obìnrin kan ló mú lẹ́yìn, ó ga, ó lẹ́wà, ọrùn rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ ń dán. Ẹniọlá lorúkọ rẹ̀, yunifásítì ló ń bá ṣiṣẹ́. Rẹ̀mí ní ọmọ ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni, ó fẹ́ rán ṣòkòtò. Àmínát kí i dáadáa. Ó wọn ìbàdí, ó wọn ìtan, ó ń bọ̀ wá wọn gígùn nígbà tí Rẹ̀mí dá sí i láti orí àga tó jókòó sí.

Ó ní kí Ẹniọlá bọ́ bàtà. Ó ní kó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú ìwé ìfẹ́ Àmínát, ó gbé e fún obìnrin náà pé kó fi há ìtan.

Kò sẹ́ni tó ń wọn ṣòkòtò báyẹn. Kò sí télọ̀ kan láyé tó ń wọ̀n ọ́n báyẹn. Àmínát wà lórí ìkúnlẹ̀, orí téèpù wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì gbójú sókè wo Rẹ̀mí. Rẹ̀mí ń wo fóònù.

Ẹniọlá ò fura sí nǹkan kan. Aláwàdà èèyàn ni. Ó ń rẹ́rìn-ín ìwé tó há mọ́ ọn nítan, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó fún jù o. Èyí tí mo wọ̀ lọ sí Ìgèdè lọ́jọ́sí, màmá Rẹ̀mí ní ṣé ìyàwó lòun fẹ́ gbà ni àbí ṣọ́jà. Wọ́n ní tí mo bá tún ń bọ̀, kí n ró ìró. Mo ní màmá, kẹ̀kẹ́ ni mo gùn wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Rẹ̀mí ní kó dúró dáadáa.

Àmínát wo téèpù. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ulé, ulẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sílẹ̀ de ìyá náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú ìwé ìfẹ́, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ọkàn ọmọbìnrin náà fọ́ yángá? Irọ́ ni. Kì í fọ́. Ó kàn máa ń dákẹ́ ni, bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, tí abẹ́rẹ́ sì wà nínú aṣọ.

Nígbà tí Ẹniọlá bọ́ síta lọ dáhùn ìpè kan, Rẹ̀mí rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ìyanu ni, kó má sọ fún un o. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ ló fẹ́ dá a rà. Kò wo ojú Àmínát nígbà tó ń sọ ọ́.

"Mélòó ni ẹsẹ̀ ẹ̀?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ni Àmínát wí.

Rẹ̀mí tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ó dúpẹ́, ó pè é ní Àmí òun.

Àmínát parí ṣòkòtò náà kí ọ̀sẹ̀ náà tó yí. Kò mọ ìdí tó fi rán an dáadáa bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ tì ni. Ẹniọlá wá gbé e, ó wọ̀ ọ́, ó yí po níwájú dígí, ó ní láyé òun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí télọ̀ tí kò jẹ́ kí ṣòkòtò tán lẹ́sẹ̀ òun lókè ọrùn ẹsẹ̀.

Láti ìgbà náà, Àmínát ò ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ Sátidé mọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ló máa ń wà, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á máa gbọ́ tí táyà àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń dún kọjá lórí ọ̀dà. Ó ń dúró de kẹ̀kẹ́ pupa. Ó ń fojú inú wo Ẹniọlá lórí rẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ ká sókè bíi ti tata, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún ń wo Rẹ̀mí tó ń sáré wá bá a, tó ń bínú, tó ń jágbe mọ́ ọn, tó wá rí omi lójú rẹ̀, tó sì dákẹ́, tó rántí. Apá ibi tó ti ń rántí yìí ló máa ń tún rò jù.

Rẹ̀mí dé ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú kan. Ó fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ náà wọlé. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níta, Ẹniọlá sì jókòó sínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà rẹwà ju bó ṣe rí nínú fóònù lọ. Rẹ̀mí fi í ti tábìlì ìgé-aṣọ.

Kò jágbe. Ó ní orúnkún Ẹniọlá ń kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó ní òun rò pé èèyàn lè ṣì í wọ̀n, èèyàn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n òun wá rí i pé ṣòkòtò tó rán fún un, kò fi íǹṣì kan kéré, kò fi kan gùn jù.

Ó wo ẹsẹ̀ Àmínát, láti òkè dé ilẹ̀.

"Gùn ún wò," ló wí.

Àmínát ò fẹ́ gùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gùn ún. Ó gba orí irin kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ki i gba abẹ́ irin kankan. Ó jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ na, ó kan ibi tó yẹ kó kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ro ó, orí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ gẹ́ẹ́. Láyé rẹ̀, kò sí nǹkan tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbójú wo Rẹ̀mí pé bóyá ó ń rántí.

Ohun tó rí lójú ọkùnrin náà kì í ṣe ìbínú. Ìbínú ì bá sàn. Àánú ni, irú èyí tí wọ́n fi ń wo adìyẹ tí òjò pa.

"Máa lò ó," ni Rẹ̀mí wí. "Kò wúlò fún wa, wọn ò sì gbà á padà. Mo ti ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Àmínát, mi ò ní í pariwo. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bọ̀ yìí, jọ̀ọ́, má fi ṣeré."

Àmínát ni ó pè é. Kò pè é ní Àmí. Ó jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó juwọ́ sí ọkọ̀.

Ẹniọlá wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀, ó ti ń bọ́ bàtà bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣòkòtò ò ṣe nǹkan kan o, kẹ̀kẹ́ nìkan lẹ ṣì wọ̀n." Ó ní Rẹ̀mí sọ pé Àǹtí náà mọ kẹ̀kẹ́ gùn, pé àwọn lè jọ máa lọ nígbà mìíràn. Ó wo kẹ̀kẹ́ pupa náà, ó ní ó mà bá Àǹtí mu o, bí ẹni pé Àǹtí ni wọ́n rà á fún.

Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Àmínát wá ìwé lórí tábìlì, ìwé kan náà ni, ó gbé e fún un. Ó kúnlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ orí téèpù mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ obìnrin náà, ó sì fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ẹ̀yìn ìwé. Rẹ̀mí dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Mélòó?"

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Ó dá ọ lójú?"

Àmínát tún un wọ̀n. Kò gbójú sókè.

"Ó dá mi lójú," ni ó wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà."