Táyà Tó Ń Dán

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Atukọ̀ jókòó, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé àga rẹ̀ sí láràárọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń wo ọkọ̀ ojú omi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, èyí tó wà lórí tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń fà á lọ sódò. Dókítà ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún ìyàwó: àìsàn náà lè padà dé nígbàkigbà, bó bá sì padà dé, kò ní í fi ohun púpọ̀ sílẹ̀. Ìyàwó wá pinnu pé ọkọ òun gbọ́dọ̀ tún jókòó sínú ọkọ̀ yẹn lórí omi lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tó ṣì mọ omi ní omi.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó máa ń pè ní Ọkọ Mi Kékeré, ló ní mọ́tò tó lè fa tírélà. Ó gbà láti wá lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí Sátidé pé, ìyàwó ránṣẹ́ pe fọ́kanáísà àdúgbò kó wá fún táyà méjèèjì ní afẹ́fẹ́. Májò làwọn èèyàn ń pè é, torí kò sí táyà tó lẹ̀ tí kò ní í fọwọ́ gbá lẹ́yìn, kó sì bẹ̀ ẹ́ pé, "Má jò o."

Inú ìyàwó dùn láti fi táyà hàn án. Eruku kò bà lé wọn rí. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ṣàìsàn, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má rẹ àkísà sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, kó fi nù wọ́n títí wọ́n á fi máa dán bíi dígí. Bó bá ti ń nù wọ́n, Atukọ̀ á máa fi ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbá gíláàsì fèrèsé. Òun náà á juwọ́ sí i, á rẹ́rìn-ín, pé òun ti rí ìdúpẹ́ rẹ̀.

Májò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà. Ibẹ̀ sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tí ọ̀dá mú. Ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ máa fi ọ́ìlì nù ún?"

"Kò sẹ́ni tó ní n ṣe é. Mo fẹ́ kó máa dán ni."

Májò kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rọra ṣàlàyé pé ọ́ìlì máa ń jẹ rọ́bà. Ó ní táyà tó dúró sójú kan lábẹ́ ẹrù, tí oòrùn ń pa, dà bí aláìsàn tí wọn ò yí ní ẹ̀gbẹ́ dà. Ó yẹ kí wọ́n ti fi jáàkì gbé tírélà náà sórí búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì da aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Eyín táyà ṣì pé lóòótọ́, ó ní, àmọ́ egungun rẹ̀ ti jẹrà.

Ìyàwó yíjú sí fèrèsé. Atukọ̀ ń gbá gíláàsì, ó sì ń wo àkísà tó wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wá yé ìyàwó. Ìdúpẹ́ kọ́ ni. Ọdún méjì ni ọkùnrin yìí fi ń kìlọ̀ fún òun, tí òun ń juwọ́ sí i.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú àga.

Ìgbà yẹn ni Ọkọ Mi Kékeré dé. Májò sọ fún un pé táyà mọ́tò wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, òun lè dè é mọ́ tírélà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́tò rọ̀, kí ara lè tu èrò ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ti tírélà gbọ́dọ̀ le, kí ẹrù má bàa máa fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí táyà bá bẹ́ lórí eré, tírélà lè fa mọ́tò ṣubú tòun tèrò. Táyà tírélà gidi, ó di Sátidé tó ń bọ̀ kó tó dé. Ìyàwó béèrè bóyá wọn ò lè rí i ṣáájú ìgbà yẹn.

"Ìyàwó wa," ni Ọkọ Mi Kékeré wí, "ṣé táyà lo fẹ́ fẹ́ ni, tó o fi ń yan ìdílé fún un? Ọ̀nà ò jìn. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní ọ̀sẹ̀ kan tá a lè fi ṣòfò."

Òótọ́ ni, ìyàwó náà mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Májò gbé táyà mọ́tò kan wá, ó sì gbé e lé itan ọkọ rẹ̀. Látìgbà tí àìsàn ti dé, oúnjẹ àti oògùn nìkan ni wọ́n ń bi ọkùnrin náà léèrè.

"Ṣé ká fi èyí lọ lónìí? Bẹ́ẹ̀ bá gbà, ẹ gbá àga lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ ò bá gbà, ẹ gbá a lẹ́ẹ̀mejì."

Atukọ̀ fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀ títí, ó wo àbúrò rẹ̀ tó máa wa mọ́tò. Ó gbá àga lẹ́ẹ̀mejì.

"Ká dúró de gidi?"

Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, àìsàn náà padà dé. Nígbà tí Atukọ̀ máa lajú, ojú nìkan ló là, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.

Táyà dé ní Sátidé bí Májò ṣe wí. Ó wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ wọn láti mọ̀ pé wọn ò tíì pẹ́ nílẹ̀, ó fún wọn ní afẹ́fẹ́ tó tó ìwọ̀n nígbà tí ara wọn ṣì tutù, ó sì yí gíríìsì padà nínú ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n rin ọ̀nà náà láìsí wàhálà kankan. Létí omi, ọkùnrin méjì bá wọn gbé Atukọ̀ sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì léfòó.

Ìyàwó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó dáa, ó rì í bọ inú omi. "Omi rèé," ló wí. Ọkọ rẹ̀ wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń kọjá lọ ní títì.

Ọkọ Mi Kékeré gbé àjẹ̀ lé orókún. Ó ní, "Ká ní a ti wá ní Sátidé tó kọjá."

"Òun ló yàn án," ni ìyàwó dá a lóhùn. "Ọdún méjì ni mi ò fi gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́, ṣé kí n ní mi ò ní ṣe é ni?"

Ọkọ Mi Kékeré fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì fẹ́ yí orí ọkọ̀ padà sí èbúté.

"Ẹ má tíì yí i," ni ìyàwó wí, ó ṣì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú nínú omi. "Ẹ wà á síwájú díẹ̀ sí i."